Ẹni Tó Rìn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Séraphin

Àwọn ọmọ àkèré ti kú kí n tó dé. Wọ́n léfòó sójú omi nínú àwo gíláàsì wọn, funfun báláú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n gbàgbé, òórùn javel, omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ, sì gba gbogbo yàrá náà débi pé imú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Mo sín. Mo tún sín. Nígbà tí mo sín ìkẹta, ikùn mi gbá tábìlì, àwo kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Arúgbó tó bá lóun fẹ́ ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kó kọ́kọ́ lọ dín ikùn kù.

"Màmá Solange, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan," ni Madame Martine wí. Òun ni directrice, olùdarí ibùdó ìwádìí náà ní Bingerville. Treichville ni wọ́n bí i sí, Sákété ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí inú bá ti ń bí i, Faransé ló ń jáde.

"Ọmọ mi, ọwọ́ kọ́, ikùn ni. Mo ṣe inspectrice ọlọ́pàá ní Àbíjàn yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ ohun tí wọn kì í fọwọ́ kàn."

"Alors, ẹ wá wo tòde."

Lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ọpọ́n ńlá tí àwọn ìyá àkèré ń gbé, a rí ohun tó ṣẹ́ kù lára fíìmù tí wọ́n fi ya àwọn ọmọ àkèré náà bí wọ́n ṣe ń dàgbà: ìdì dúdú kan tó ti yọ́ mọ́ra bí ṣúgà tó jóná nínú ìkòkò. Mo fi ọ̀pá mi tú u wò. Kò sí ohun tójú lè rí níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tó ni fíìmù náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní kọ̀rídọ̀, ó ń wo ilẹ̀. Sidikatou ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Rakiatou, aládùúgbò mi ní Williamsville. Ẹ̀yìn mi yìí ló ń tọ̀ sí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Òun náà ni wọ́n sì ní ó ṣe é.

Ẹjọ́ náà rí báyìí. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ọdún 1984 ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀, ọdún tí ọ̀dá mú kí iná máa lọ kó máa bọ̀ ní gbogbo ìlú. Èèyàn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí náà, lábò tí wọ́n ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Séraphin, olórí ibẹ̀, tó tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun wa. Marcel, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ àti ọpọ́n omi. Àti Sidikatou, akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìjọ wa wà lójú títì Bingerville pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nínú ìwọ́de náà, Marcel wà níbẹ̀, èmi alára wà níbẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ lásán tiro lórí ọ̀dà gbígbóná bí adìyẹ tó tẹ ẹ̀yinná. Sidikatou, Mùsùlùmí ni tirẹ̀. Ó wá fún àwọn àkèré lóúnjẹ. Olùṣọ́ ẹnu géètì rí i nígbà tó wọlé, ó rí i nígbà tó jáde, kò sì rí ẹlòmíràn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ tirẹ̀ fún directrice. Ó ní fíìmù ọmọ náà kò fi nǹkan kan hàn, ojú sì ń tì í láti gbé e síwájú àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Paris. Ó ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sun ún, tó wá da javel sórí àwọn ọmọ àkèré kó lè dà bíi pé ọ̀tá ló wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á lé e kúrò, ọlọ́pàá á mú un, bourse, owó ẹ̀kọ́ tí àwọn àlejò náà fẹ́ fi gbé e lọ sí Faransé, á sì wọ omi. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló wà ní kọmísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan Sidikatou títí àwọn àlejò á fi dé lọ́jọ́rú.

"Lẹ́yìn ìyẹn, la vieille, mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́," ló wí.

Mo bú u fún "la vieille", arúgbó tó pè mí, mo sì dúpẹ́ fún ìyókù.

*

"Ṣé ìwọ lo ṣe é?"

"Rárá, Màmá."

"O wọ lábò?"

"Mo wọ ibẹ̀. Gbogbo wọn wà láàyè nígbà yẹn. Mo kí wọn kí n tó jáde."

"O ń kí ọmọ àkèré?"

"Ẹ̀yin náà ń kí ìkòkò yín láàárọ̀. Mo ti gbọ́."

Òótọ́ ni. Mo yí ọ̀rọ̀ padà.

"Ta ló ti wo fíìmù náà yàtọ̀ sí ẹ?"

"Kò sí. Faransé ni wọ́n ti fọ̀ ọ́, ọjọ́ Ẹtì ló dé. Mo tilẹ̀kùn, mo wò ó, mo sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Ó máa ń wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n." Ó gbé ojú sókè. "Màmá, iná tó ń lọ ba iṣẹ́ yẹn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó jáde. Mo sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣé èmi ni màá wá sun ún?"

"Kí lo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́yìn tí o wò ó?"

"Mo ní, 'Ọ̀gá, wọn kì í nà. Wọ́n ń wọ àárín ara wọn.'"

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n lọ jẹun."

Ọ̀rọ̀ "wọ́n ń wọ àárín ara wọn" yẹn, kò yé mi rárá. Mo mi orí bí àgbà tó gbọ́n. Ohun tí wọ́n ń fi orí ewú ṣe nìyẹn.

*

Marcel ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo sì fura sí i tọkàntọkàn. Òórùn javel wà lára rẹ̀. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jóná, ó fi báńdéèjì wé e. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó wo ògiri.

"Kí ló jó ẹ?"

"Àbẹ́là ni, Màmá. Iná lọ nílé."

"Javel ńkọ́?"

"Òun ni mo fi ń fọ ọpọ́n tó ṣófo. Iṣẹ́ mi ni."

"Níbo lo wà nígbà ìwọ́de?"

"Mo wà pẹ̀lú Ọ̀gá. A jọ rìn ni."

Ìdáhùn kúkúrú, ojú tó ń sá. Mo ní mo ti mú un. Mo wọ gbákà, ọkọ̀ akérò kékeré ìlú wa, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo la Àbíjàn já lọ sí Niangon níbi tó ń gbé, kí n lọ bá ìyàwó rẹ̀ kó tó délé lọ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Huguette lórúkọ ìyàwó náà. Kò tíì gbọ́ ìbéèrè mi tán tó ti bú sẹ́rìn-ín.

"Ìka rẹ̀? Màmá, ó sọ fún yín pé àbẹ́là ni? Ó jókòó sórí àga ṣéèsì yìí, ó lóun ń ka Bíbélì, oorun gbé e lọ tòun ti àbẹ́là lọ́wọ́. Igbe tó ké, gbogbo agboolé ló jí! Ẹ wo orí ṣéèsì, ẹ wo bí ìda ṣe kán sí i."

Mo wo orí ṣéèsì. Ìda wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú ló ń ti ọkùnrin náà, kì í ṣe ẹ̀bi. Mo padà sí Williamsville pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro mí, mo sì ń bú ara mi láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀.

*

Ọ̀jọ̀gbọ́n Séraphin po Nescafé fún mi lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin arẹwà ni, irun rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ìwé ńlá tó kọ wà lórí tábìlì, ó kọjú síta kí àlejò lè ka orúkọ.

"Màmá Solange, ọmọ yẹn dùn mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ."

"Kí lẹ ń wá nínú àkèré, Alàgbà? Ẹ ṣàlàyé fún òpè."

Inú rẹ̀ dùn. Ó yọ rọ́bà kan tí wọ́n fi ń di ìwé, ó fi pẹ́ẹ̀nì kán tóótòòtó dúdú méjì sí i lára.

"Ọlẹ̀ àkèré, ìyẹn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì di ọmọ, róbótó ló ń bẹ̀rẹ̀ bíi hóró ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó bá yá, ó di gígùn, orí níbí, ìrù lọ́hùn-ún. Kò jẹun, kò mu. Níbo ni gígùn yẹn ti wá? Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ló ń ti tiwájú, gbogbo ara sì ń nà." Ó fa rọ́bà náà. "Ẹ wò ó. Tóótòòtó yìí àti èkejì rẹ̀, ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa wà dópin. Òun ni mo kọ, òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gíga níbí."

"Ó ga o. Lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ńkọ́?"

"Mo wà nínú ìwọ́de. Marcel wà lọ́tùn-ún mi, Alàgbà Olútóyè wà lósì."

"Títí dé ibo?"

"Láti ojú títì ńlá títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a wọ ọ̀nà tóóró, ìlà wa gùn sí i, ìyẹn náà ni. Olútóyè bọ́ sẹ́yìn mi. Marcel kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Kí ló dé tí ẹ kò sí níwájú pẹ̀lú àwọn alàgbà tó ń tẹ̀lé àgbélébùú? Ibẹ̀ la ti ń rí yín lọ́dọọdún."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wolẹ̀. "Ìrẹ̀lẹ̀ ni, Màmá. Lọ́dún yìí mo ní kí n wà láàárín àwọn èèyàn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára débi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún sínú Nescafé rẹ̀. Èmi tí mo ti fi ìbéèrè tú àwọn olè tó gbówọ́ ní Treichville! Ẹ wò mí bí mo ṣe jókòó tí mo ń ṣàmín.

*

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà nílé. Rakiatou jókòó tì mí, ó ń fi etí ìró nu ojú. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí igi.

"Màmá, ẹ fún wọn lówó," ni Rakiatou wí. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Ìwọ Rakiatou, pa ẹnu dé. Ẹni tí kò jẹ̀bi kì í bẹ̀bẹ̀. Sidi, wá síbí. Ohun tí o rí nínú fíìmù yẹn, sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ọ̀gá rẹ ti fi rọ́bà sọ tirẹ̀."

Ó kúnlẹ̀. Ó da ẹ̀wà funfun sórí àtẹ mi, ó tẹ́ ẹ gbàràgàdà, ó sì mú hóró pupa méjì, ó tò wọ́n tira wọn sáàárín gbùngbùn.

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì nìyí, Màmá, wóróòwóró tí wọ́n fi kọ́ ara wa. Méjì yìí ni mo kùn láwọ̀ búlúù kí n lè mọ̀ wọ́n. Ẹ máa wò."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rọra kó àwọn ẹ̀wà náà láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì wá sáàárín, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì. Àwọn ẹ̀gbẹ́ ń wọ àárín, àwọn tó wà láàárín ń súnra fún wọn. Ohun tó fẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó kúrú di gígùn. Hóró pupa kan wà lókè, èkejì ti jìnnà sísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ funfun ti há sáàárín wọn.

"Hóró kankan kò gùn sí i," ló wí. "Mi ò sì da tuntun kún un. Ó kàn jẹ́ pé wọ́n gba ara wọn sáàárín ni."

"Ọwọ́ rẹ ló tì wọ́n."

"Lórí àtẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tì wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló ń na ọwọ́ wẹ́wẹ́ jáde, wọ́n ń di ará ẹ̀gbẹ́ wọn mú, wọ́n ń fa ara wọn wọlé. Màmá, ó rí bí ìgbà tí èrò ń wọ mọ́ṣáláṣí."

"Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn kò wọ àárín ńkọ́?"

"Ara á kúrú, á fẹ̀, ẹ̀yìn á là sílẹ̀. Ọmọ náà kò ní yè."

"Háà! Èmi tí mo kúrú tí mo fẹ̀ yìí, a jẹ́ pé ẹ̀wà tèmi ya olóríkunkun."

Rakiatou rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ń wo hóró pupa méjì náà. Mo rántí Antoinette.

Antoinette, ará ìjọ wa, àti èmi la jọ bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ohùn rẹ̀ nínú orin dà bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ìdí nìyẹn tí mo ṣe máa ń dúpẹ́ nígbà tí a bá dé ẹnu ọ̀nà tóóró tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ìjọ wa, a kì í dúró tò nígbà tí ọ̀nà bá fún. Aago á dún, àwọn tó ń darí èrò á ké pé, "Ẹ gba ará yín sáàárín!" Ẹni tó wà létí á wọ àárín ẹni méjì tó wà nínú, lọ́tùn-ún àti lósì, àwọn obìnrin láàárín obìnrin, àwọn ọkùnrin láàárín ọkùnrin. Olùdásílẹ̀ ìjọ ló fi lélẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ilé Olúwa kí àwùjọ má pín sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ẹni tí ẹ bá jọ bẹ̀rẹ̀, ẹ kò ní jọ wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Antoinette, mo wọlé pẹ̀lú obìnrin kan tó ń rùn fún ẹja gbígbẹ. Ọlọ́run ṣeun.

Gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, débi pé a kì í sọ ọ́. Kìkì àwọn tó wà níwájú, tí wọ́n ń tẹ̀lé àgbélébùú lọ́kọ̀ọ̀kan, ni nǹkan yìí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Wọn kì í sì í wẹ̀yìn.

Mo da ẹ̀wà náà sínú ìkòkò. Mo ní kí Sidikatou lọ sùn.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́rú, a pé sí ọ́fíìsì Madame Martine: òun, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Marcel, Sidikatou, àti èmi lórí àga tó kéré fún mi.

"Faites vite, ẹ ṣe kíá," ni Madame wí. "Àwọn àlejò ti gúnlẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú."

Mo kọjú sí Marcel. "Nígbà tí ẹ wọ ọ̀nà tóóró lọ́jọ́ Ìsinmi, ta ló wà lọ́wọ́ òsì rẹ?"

Ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá ni."

"Mi ò bi ẹ́ ní ojú títì ńlá. Lẹ́yìn aago ni mo ní."

"Lẹ́yìn aago?" Ó ronú. "Ọlọ́runlékè ni, ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ó ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ títí a fi wọlé. Ọ̀gá á wà níwájú díẹ̀, tàbí lẹ́yìn. Gbogbo wa la wọ funfun."

"O ní ẹ jọ rìn."

"A jọ bẹ̀rẹ̀, Màmá. Ẹ kò bi mí ní ìparí."

Òótọ́ tún ni. Mi ò bi í. Ìka rẹ̀ ni mo gbájú mọ́.

"Alàgbà," ni mo wí, mo sì fi ohùn oyin sọ ọ́, "ẹ̀yin àti Marcel jọ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wọ àárín yín nígbà tí aago dún?"

"Kò sẹ́ni tó wọ àárín wa." Ó yíjú sí mi. "Aago wo?"

Marcel ti la ẹnu sílẹ̀.

"Aago tí gbogbo ọmọ ìjọ ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà tóóró lọ́dọọdún," ni mo wí, "àfi ẹ̀yin tí ẹ máa ń wà níwájú pẹ̀lú orin àti tùràrí. Lọ́dún yìí ẹ ní ìrẹ̀lẹ̀ ló gbé yín wá sáàárín. Àárín ni èèyàn ti lè yọ láìjẹ́ pé ojú kàn án. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lábò yìí kò jìnnà sí ojú títì. Èmi tí apá mi kò lágbára, mo lè ju òkúta débẹ̀. Ẹ gba ọ̀nà abẹ́ ọ̀pẹ kí aago tó dún. Olùṣọ́ kò rí yín nítorí iwájú ló ń ṣọ́. Nígbà tí mo wá bi yín léèrè, ẹ ní láti ro bí ìlà èèyàn ṣe ń gùn, nítorí pé ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ rò ó bí ẹ ṣe rò ó sínú ìwé yín: kálukú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ara ń nà bí rọ́bà."

"Ọ̀rọ̀ arúgbó," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Madame, ṣé èyí ni ẹ̀rí?"

"Okùn ìgbànú yín elésè àlùkò tí àwọn alàgbà ń dì ńkọ́? Ẹ dì í lọ́jọ́ náà. Javel tó bá ta sí aṣọ funfun, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Tó bá ta sí elésè àlùkò, gbogbo ayé ló mọ̀."

"Ó wà lọ́dọ̀ afọṣọ."

Marcel ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Ọ̀gá, ó wà nínú bútù mọ́tò yín. Mo rí i láàárọ̀ nígbà tí mo ń bá yín gbé àpò."

Madame Martine na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbé e fún un. Ó gbé e sórí tábìlì. Olùṣọ́ lọ, ó sì mú okùn náà wá. Láti ìdajì rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó ti kán funfun tóótòòtó.

Madame wo okùn náà, ó wo ọkùnrin náà, ó ní òun ń lọ tẹ ministère, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bojú tó wọn, láago. Marcel tẹ̀lé e jáde, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ku àwa mẹ́ta.

Mo ń retí kí Sidikatou bú u. Mo ti ṣètò èébú tèmi sílẹ̀ dè é, èébú Adjamé tó ní iyọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kàn fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ wò ó kí ẹ tó sun ún?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Láìsí i, ojú rẹ̀ kéré bí ti ọmọ ẹyẹ.

"Mo wò ó."

"Kí lẹ rí?"

"Wọ́n ń wọ àárín ara wọn," ló wí. "Láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Méjì tí o kùn, wọ́n pínyà níṣojú mi. Mo dá a padà, mo tún un wò. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí." Ó nu awò náà létí ẹ̀wù rẹ̀. "Ó rẹwà, Sidikatou. Gbogbo ọdún tí mo fi wo àkèré, mi ò rí nǹkan tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀."

Ojú ọmọ náà tàn. Mo bura, ó tàn, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lẹ́bùn. Mo fẹ́ gbá a létí nítorí rẹ̀.

Madame Martine padà wọlé. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọ́fíìsì. Ministère kò fẹ́ ariwo. Ó rẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Á lọ sinmi, wọ́n á ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún un kí ọdún tó parí. Ẹ̀sùn tó wà lórí Sidikatou ti kúrò, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ti bourse, ó bani nínú jẹ́, àwọn àlejò wá wo fíìmù, fíìmù kò sì sí.

"Madame, Ọ̀gá wò ó," ni Sidikatou wí kíákíá. "Ó rí i. Kó sọ fún àwọn àlejò. Ẹnu rẹ̀ tó fún wọn, wọ́n á gbà á gbọ́. Ọ̀gá, ẹ sọ fún Madame ohun tí ẹ rí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó tún un tò dáadáa sórí imú. Ó wo ìta fèrèsé níbi tí mọ́tò àwọn àlejò ti ń wọ géètì.

"Fíìmù náà ṣókùnkùn," ló wí. "Mi ò rí nǹkan kan."

Mo dìde. Mo sọ ohun tí mo ní í sọ, ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àga kékeré náà sì há sí mi ní ìdí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Madame ní kí n jọ̀ọ́, kí n rẹ ohùn sílẹ̀, àwọn àlejò ti wà lórí àtẹ̀gùn.

Nínú gbákà tó ń gbé wa padà sí Adjamé, Sidikatou jókòó létí fèrèsé. Kò sunkún. Mo ra ẹ̀pà fún un, ó dì í mọ́wọ́. Mo ní orúkọ rẹ̀ ti mọ́, pé ìyá rẹ̀ á sùn lónìí, pé ọlọ́pàá kò ní wá. Mo ní ó lè tún un ṣe.

"Níbo, Màmá?"

Mo ń ka àwọn ibùdókọ̀ tí a ń kọjá.

Nígbà tó yá, ó ní, "Èèyàn méjì péré ló rí i. Ẹnì kejì sì ti ní òun kò rí nǹkan kan."

Apprenti, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, kan ilẹ̀kùn, ó ń bèèrè ẹni tó máa sọ̀kalẹ̀ ní Williamsville. Èmi ni mo dá a lóhùn.